Signal àti Yank: irọ́ ogun ju irọ́ lọ

Nínú Signal àti Yank, ìwé ìròyìn ológun méjì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Yank ni mo yàn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi na fóònù rẹ̀ sí mi: "Àǹtí, ẹ wo Paris nígbà ogun. Wọ́n ń jayé!" Oòrùn ràn yòò nínú àwòrán náà, àwọn obìnrin dé fìlà olódòdó. André Zucca ló yà á, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún Signal, ìwé ìròyìn tí ọmọ ogun Jámánì, tó gba Paris nígbà ogun náà, ń tẹ̀ láti 1940 títí di 1945. Fíìmù aláwọ̀ ìgbà yẹn ò ṣiṣẹ́ láìsí oòrùn, nítorí náà ọjọ́ tó bá mọ́ dáadáa ló ń yàwòrán. Àwòrán ọ̀hún kì í ṣe ayédèrú. Ohun tí wọn ò fi hàn ni irọ́ ibẹ̀: ní July 1942, láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn Júù tó lé ní 12,000 ní Paris yẹn kan náà sí àtìmọ́lé.

Yank ńkọ́? Ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1942. Òun náà ń gbé ogun tiwọn lárugẹ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní April 1944, ó tẹ lẹ́tà Rupert Trimmingham, sọ́jà aláwọ̀ dúdú. Ó ní ní ilé oúnjẹ kan ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn, ní kíṣìnì, ni wọ́n ní kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jẹun. Àwọn ọmọ ogun Jámánì tí Amẹ́ríkà mú lẹ́wọ̀n, bíi 24, wọlé, wọ́n jókòó sí tábìlì, wọ́n jẹun, wọ́n ń mu sìgá. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nígbà tí mo kà á. Síbẹ̀ Yank tẹ̀ ẹ́, èyí ni mo fi yàn án. Àwọn sọ́jà funfun pàápàá kọ̀wé láti gbè sẹ́yìn rẹ̀.