Agboòrùn tàbí Pápírọ́ọ̀sì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Sínú Ìkòkò?

Bó bá jẹ́ omi àpọ̀jù lẹ fi ń pa òdòdó yín, ìdílé òfio ni kí ẹ yà sí. Inú ẹrẹ̀ ló ti ń gbádùn ara rẹ̀.

Méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì. Umbrella plant, Cyperus alternifolius, ni mo ń pè ní agboòrùn: ewé rẹ̀ tẹ́ yí orí ọ̀pá ká bí irin agboòrùn. Ti pápírọ́ọ̀sì, irun wẹ́wẹ́ ló wà lórí rẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Òun làwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń ṣe ìwé.

Gíga wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Agboòrùn kì í sábà kọjá mítà 1.5. Pápírọ́ọ̀sì lè ga tó mítà 4 létí odò. Ẹni tó ta tèmi fún mi ní kò ní ga, mo bá gbé e sí bákóónì. Àkọ́rọ̀ òjò dé, ìjì dà á wó tòun ti ìkòkò ike, ọ̀pá mẹ́ta kán, ẹrẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀. Ìkòkò tó wúwo ló yẹ ẹ́, níta gbangba, nínú oòrùn. Bí ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn bá wù yín dandan, ẹ bèèrè Cyperus prolifer, àbúrò rẹ̀ tí kì í sábà ju mítà 1 lọ.

Agboòrùn fara da ìbòòji díẹ̀, àmọ́ ẹ má gbé e sí iwájú AC: ṣóńṣó ewé rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n rúsúrúsú.

Ní ti omi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ gbé ìkòkò oníhò sínú abọ́ omi, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀fọn ńkọ́? Láàárín bí ọjọ́ 7 sí 10 ni ẹyin rẹ̀ ń di ẹ̀fọn tó ń fò, torí náà ẹ máa da omi abọ́ nù lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ sì fọ abọ́ náà dáadáa.

Ibi tí agboòrùn ti ta yọ pátápátá ni bíbí sí i. Ẹ gé orí kan tòun ti ọ̀pá díẹ̀, ẹ gé ewé rẹ̀ ku ìdajì, ẹ dojú rẹ̀ dé sínú ife omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò funfun á yọ láàárín orí yẹn, èèhù tútù á sì máa nà sókè. Pápírọ́ọ̀sì kì í sábà gbà fún èyí. Pípín ìdí rẹ̀ ló dájú. Nítorí náà, bó bá jẹ́ agboòrùn lẹ fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìkòkò méjì fún yín.