Èwo ni kí ẹ rà? Ìfiwéra iyọ̀, òróró, fùláwà àti gààrí tó ní fítámì, fún ẹni tó ń ná ọjà l'Ékòó

Ẹni tó bá wọ ọjà Òkè-Àrìn ní Erékùṣù Èkó láti ra oúnjẹ oṣù kan fún ilé yóò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí páálí, ike tàbí ọ̀rá kan tí wọn kò kọ ọ̀rọ̀ fítámì sí lára. Òróró ní fítámì, ṣúgà ní fítámì, sẹ́mò ní fítámì, àfi bí ẹni pé ilé egbòogi ni èèyàn yà sí. Ohun tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó yẹ kí òun tìtorí rẹ̀ san owó, àti pé nínú méjì tó wà níwájú òun, èwo ló ní ohun tí wọ́n kọ sí i lára ní tòótọ́. Èrò tèmi ni pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí òfin kan náà ló de gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe dì í, ibi tí wọ́n gbé e sí àti bí ó ṣe pẹ́ tó lórí igbá ló ń pinnu ohun tí yóò ṣẹ́kù nínú rẹ̀ nígbà tó bá dé ìkòkò yín.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi í sínú oúnjẹ

Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ nìkan kọ́ ni àìjẹunrekánú ń bá jà. Ọmọ lè jẹ ẹ̀bà yó láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ara rẹ̀ sì ṣe aláìní àwọn èròjà kéékèèké tí ojú kò rí. Bí fítámì A kò bá tó lára ọmọ, kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìgbẹ́ gbuuru àti èèyi a sì máa tètè dá a dùbúlẹ̀. Àìtó áyódìnì, èròjà kan tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀, ló ń fa gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn àgbàlagbà, òun náà ló sì ń ṣe ìdíwọ́ fún ọpọlọ ọmọ láti inú oyún. Àìtó èròjà irin ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, pàápàá lára aláboyún. Bí folic acid, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn fítámì B, kò bá sì tó ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lè má padé bó ṣe yẹ.

Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódìnì sínú iyọ̀ ní ọdún 1922, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní ọdún 1924, Guatemala sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fítámì A sínú ṣúgà láàárín àwọn ọdún 1970. Ní ilẹ̀ wa, ó di dandan ní ọdún 1993 pé kí iyọ̀ jíjẹ ní áyódìnì, nígbà tó sì di ọdún 2002, ìjọba sọ ọ́ di dandan pé kí fùláwà, ìyẹ̀fun àgbàdo, òróró àti ṣúgà ní fítámì A. Àjọ NAFDAC, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, àti àjọ SON, tó ń ṣètò ìlànà ọjà, ló ń mójú tó o. Ìrẹsì, gààrí àti èlùbọ́ kò sí nínú òfin náà, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ jù l'Ékòó.

Lára ọjà tó bá òfin mu, ẹ ó rí àwòrán ojú kan tí wọ́n fi ṣe àmì fítámì A, ẹ ó sì rí nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Àwòrán ojú yẹn ń sọ fún yín pé fítámì wọ inú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́. Kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti ìgbà náà.

Iyọ̀ inú ọ̀rá àti iyọ̀ inú bàsíà

Bí ohun kan ṣoṣo bá wà tí mo lè sọ pé kí ẹ máṣe fi ojú kéré, iyọ̀ ni, nítorí ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín èyí tí wọ́n dì dáadáa àti èyí tí wọ́n ń wọ̀n kò tó nǹkan, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ fún aláboyún. Ẹ lọ sí Oyìnbó nígbà òjò kí ẹ wo iyọ̀ tó wà nínú bàsíà lábẹ́ agboòrùn: yóò ti máa sun omi, omi náà yóò ti rọ́ sí ìsàlẹ̀, ìyá oníyọ̀ yóò sì rọra tẹ bàsíà náà kí omi lè dà nù kí ó tó fi agolo bu ti òkè fún yín. Omi tó ń dà nù yẹn ló ń gbé áyódìnì lọ. Iyọ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí ó lẹ̀ pinpin kì í rí òjò, kì í sì í rí oòrùn, nítorí náà ó sàn jù, ì báà jẹ́ ọ̀rá kékeré ni owó yín ká. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé nígbà tí iyọ̀ bá dé inú ilé, ó kéré tán kí mílígíráàmù áyódìnì 15 ṣì wà nínú kílò kan.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó ń ra ọjà ní àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Ìkòyí, níbi tí iyọ̀ aláwọ̀ osùn láti ilẹ̀ Pakistan ti wọ́n ju iyọ̀ tiwa lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọ̀pọ̀ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi áyódìnì sí rárá. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sí i lára, olówó ń sanwó gọbọi láti pàdánù ohun tí tálákà ń rí rà ní Ẹ̀bútẹ́ Èrò.

Ẹ da iyọ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e jìnnà sí iná sítóòfù, kí ẹ sì fi í sí ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.

Òróró inú ike, òróró wíwọ̀n, àti epo pupa

Ibí ni owó ti pọ̀, ibí sì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Ìlànà ilẹ̀ wa ni pé kí fítámì A inú òróró jẹ́ 20,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka fítámì) nínú kílò kan. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀, ooru àti atẹ́gùn ni ọ̀tá fítámì A. Òróró tí ilé-iṣẹ́ dì tí ó sì wà nínú páálí títí dé ọ̀dọ̀ yín ló ń pa á mọ́ jù. Òróró tí wọ́n ń wọ̀n lè ti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà wá, kí fítámì rẹ̀ sì ti dín kù púpọ̀, nítorí pé láti àárọ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu tí àwọn èèyàn ti lò tán, tí wọ́n sì tò ó sórí tábìlì létí títì ní Mùṣín, tí oòrùn ń wọ inú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ìgò náà bá ṣe ń dán tó, tó ń wu ojú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ tó.

Síbẹ̀, n kò ní sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ sí ìgò kan pé kó lọ ra odidi kẹ́ẹ̀gì. Ẹ bẹ ìyá olóróró pé kó wọ̀n tiyín láti inú kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú ìsọ̀, nítorí ike kẹ́ẹ̀gì tó nípọn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ráyè, kí ẹ sì gbé ike tí kò mọ́ gaara dání láti ilé. Bí ẹ̀yin àti aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta bá lè dá owó jọ ra kẹ́ẹ̀gì kan kí ẹ sì pín in, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sá fún òróró fàyàwọ́ tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, bó ti wù kó pọ́n tó, nítorí òfin tí mo sọ lókè yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà tàbí dòdò léraléra kò tún ní ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ mọ́.

Kí ni ti epo pupa? Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fi nǹkan kan kún un, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa rẹ̀ gan-an ni èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, ó sì pọ̀ nínú rẹ̀ dé ibi pé bí a bá fi iye owó wọn wéra nítorí fítámì nìkan, epo pupa ló borí. Ìṣòro rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá gbé epo kaná títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, bí àwọn tó ń se ọbẹ̀ ìrẹsì ọ̀fadà ti máa ń ṣe, ti lé èròjà náà lọ pátá. Adùn ló kù. Ìṣòro kejì ni àwọn ọlọ́jà tó ń fi àwọ̀ Sudan, tí kì í ṣe ohun jíjẹ, pa epo láró kí ó lè pọ́n. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ elépo tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́ ni kí ẹ ti máa rà á, kí ẹ sì fura sí èyí tí pípọ́n rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Nínú ilé tí mo bá ń dá owó ọjà fún, epo pupa ni a ó fi ro ẹ̀fọ́ tí a ó sì fi se ẹ̀wà, òróró inú ike ni a ó sì fi dín nǹkan, níwọ̀n.

Sẹ́mò, búrẹ́dì, gààrí àti ìrẹsì

Àlìkámà tí wọ́n ń lọ ní Àpápá ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ fùláwà àti sẹ́mò tó wà l'Ékòó. Yàtọ̀ sí fítámì A, wọ́n ń fi èròjà irin, folic acid àti àwọn fítámì B mìíràn sí i. Iná ààrò a máa jẹ díẹ̀ lára fítámì, ṣùgbọ́n kò lè rí irin ṣe, nítorí náà ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì Agége láàárọ̀ ń rí irin díẹ̀ jẹ láìmọ̀. Kí ó má fi tíì tó le wà á mu, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin dáadáa. Ọsàn ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí a bá gbé sẹ́mò sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ tàbí gààrí funfun, sẹ́mò ló borí ní ti èròjà, bí kò tilẹ̀ borí ní ti adùn lẹ́nu ọmọ Ìjẹ̀bú.

Gààrí ní tirẹ̀ pé oríṣi mẹ́ta ni. Gààrí Ìjẹ̀bú funfun tó kan kò ní fítámì A. Gààrí pupa tí a mọ̀ sí ti Bendel ní epo pupa nínú. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wá láti ara ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èyí tí àjọ IITA, tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Umudike ṣe, tí wọ́n sì gbé jáde fún àgbẹ̀ ní ọdún 2011. Ní Mile 12, "gààrí pupa" ni wọ́n ń pe méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò sì mọ èyí tí wọ́n ń tà. Bí ẹ bá bu díẹ̀ sínú abọ́ tí ẹ da omi tútù sí i, èyí tó ní epo a máa jẹ́ kí epo léfòó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kó ìdààmú bá yín, nítorí méjèèjì ló dára ju funfun lọ fún ojú. Ohun tí ẹ ní láti bi í ni ìgbà tí wọ́n yan án, nítorí pé èròjà ara gààrí ẹlẹ́gẹ́ pupa ń dín kù bí ó bá ṣe ń pẹ́ nínú àpò. Ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ ó jẹ tán láìpẹ́.

Ní ti ìrẹsì, òfin kò de olùtajà láti fi nǹkan kan sí i, nítorí náà ẹ má san owó kún owó nítorí ọ̀rọ̀ fítámì lára àpò. Èyí tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó gún un ní fítámì B díẹ̀ ju èyí tí wọn kò bọ̀ lọ.

Ṣúgà

Fítámì A wà nínú ṣúgà tí wọ́n ń tà fún ilé. Bí ẹ bá ti fẹ́ ra ṣúgà tẹ́lẹ̀, ẹ ra èyí tó ní àmì ojú. Bí ẹ kò bá fẹ́ rà á, ẹ má tìtorí fítámì rà á.

Oúnjẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun

Ògì lásán kò tó ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ ọmọ inú agolo tí wọ́n ti fi irin àti fítámì kún dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ẹni tí kò bá sì lè rà á máa ń pò ó kí ó ṣàn kí ó lè pẹ́ nílé, èyí tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Sóyì-ògì tí àwọn onímọ̀ FIIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, ṣe, tó jẹ́ àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà pọ̀, ní èròjà tó ń mú ara dàgbà ju ògì lásán lọ, ìyá sì lè pò ó nílé fúnra rẹ̀. Fún fítámì A, ọ̀fẹ́ ni ti ìjọba: láti oṣù mẹ́fà títí ọmọ yóò fi pé ọdún márùn-ún, wọ́n ń kán an sí ọmọ lẹ́nu ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání, kí nọ́ọ̀sì lè wo ìgbà tó gbà á kẹ́yìn.