Ilé-pákó tí mo ti ra igi ìsọ̀ tí mo kọ́ mọ́ ilé mi ní Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ilé-pákó kan ní Ìkòròdú sọ sí mi ni ó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò pa lẹ́nu mọ́, tí wọn yóò sì ru igi tí kò dára lọ sílé. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ́ ìsọ̀ onípákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní apá Èbúté, kí n lè máa kan àga àti tábìlì níbẹ̀. Ìrókò ni mo sanwó fún: 2 by 6 (tó nípọn tó íǹṣì méjì, tó sì fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́fà) tí yóò dùbúlẹ̀ lára ògiri láti gbé òrùlé, àti 2 by 4 fún òpó àti igi àjà. Mo sọ ọ́ ní kedere pé ọkàn igi nìkan ni mo fẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n já igi náà sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tú u wò, mo rí i pé èyí tó pọ̀ nínú 2 by 6 náà ní etí funfun tó fẹ̀ tó ìka méjì. Ibi funfun yìí, tó wà láàárín èèpo àti ọkàn ìrókò, kì í pẹ́ rárá: ikán a máa jẹ ẹ́, kòkòrò tí í sọ igi di ìyẹ̀fun a sì máa gbé inú rẹ̀. Ọkàn igi ló ń lálòpẹ́, òun ló máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, tí í sì máa dúdú sí i bó bá ti ń rí oòrùn.

Mo gbé ọ̀kan padà lọ. Akọ̀wé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lè dàgbà ju àbíkẹ́yìn ilé wa lọ, kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Mo fi ibi funfun náà hàn án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrókò lẹ béèrè, ìrókò la kó fún yín. Ọjà tí a bá ti tà kò ní àbọ̀." Mo ní kí ó wo rìsíìtì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ọkàn igi nìkan. Ó wò ó, ó jù ú sórí tábìlì, ó wá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe káfíńtà, kí lẹ mọ̀ nípa igi?" Níwájú àwọn oníbàárà mìíràn ló ti sọ ọ́. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Bàbá tó wà nídìí ẹ̀rọ ìlagi ló gbọ́ wa. Ó pa ẹ̀rọ, ó gbọn ara nù, ó gba pákó náà lọ́wọ́ mi. Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ibi funfun, èékánná wọlé. Ó tẹ ibi pípọ́n, kò wọlé. Ó wá yíjú sí akọ̀wé: "Bó bá jẹ́ ilé bàbá rẹ ni, ṣé wàá kàn án mọ́ ọn?" Ọmọ náà ò fèsì.

Irú iṣẹ́ tí bàbá yìí ṣe lẹ́yìn náà, n kò rí i rí níbi tí a ti ń ta igi. Ó yan pákó mìíràn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dijú kan wo gígùn wọn bóyá wọ́n lọ́. Bó ṣe ń là wọ́n ló ń tẹ́tí sí ayùn, nítorí òkúta a máa wà nínú ìrókò mìíràn, a sì máa ba eyín ayùn jẹ́. Ó ní kí n fi aṣọ bo imú bí mo bá ń rẹ́ ẹ nílé, torí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa yúnni lára, a sì máa múni sín. Mo ṣàlàyé fún un pé ara líńtẹ̀lì, ìyẹn òpó kọnkéré tó dùbúlẹ̀ lókè fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ni mo fẹ́ de 2 by 6 mọ́, nítorí kọnkéré àti irin ló wà níbẹ̀, àti pé búlọ́ọ̀kù aláfo kò lè di bóòtù mú bí òrùlé bá ń fà á. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi kún un pé kí n gbẹ́ ojú ìlà sí ara ògiri lókè rẹ̀, kí n ki etí páànù bọ̀ ọ́, kí n sì fi sìmẹ́ǹtì dí i, kí òjò má baà gba ẹ̀yìn pákó wọlé.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ akọ̀wé, àmọ́ òun ni kò jẹ́. Ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì, fún àṣìṣe tí àwọn fúnra wọn ṣe. Mo pe ìyá tó ni ilé-pákó náà lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọmọdé ló ń ṣe é," ó sì dúpẹ́ pé mo ní sùúrù, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò padà.

Ìsọ̀ náà ti dúró báyìí. Mo gbé àwọn òpó lé orí kọnkéré kí wọ́n má kan ilẹ̀, òjò ńlá ti rọ̀ lé e lórí, ẹ̀yìn pákó ara ògiri sì gbẹ. Igi náà dára ju gbogbo èyí tí mo ti rà rí lọ.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi dá owó ọkọ̀ mi padà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, bàbá tó wà nídìí ẹ̀rọ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi èékánná tẹ pákó kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀. Èmi náà yóò padà lọ sọ́dọ̀ wọn fún pákó ilẹ̀kùn.