Ilé Ramanujan ní Kumbakonam: mẹ́rin nínú márùn-ún

Iṣẹ́ abẹ ojú ìyá mi ló gbé wa dé Chennai, ní Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà. Nígbà tára wọ́n mókun díẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi, mo wọ rélùwéè òru lọ sí Kumbakonam. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama láti bí ogún ọdún. Ṣé mo wá lè dé Tamil Nadu kí n má dé ilé Srinivasa Ramanujan, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò?

Ẹni tó bá ń wá mùsíọ́mù ńlá, kó má wulẹ̀ dé ibẹ̀. Ilé kékeré ni, nítòsí tẹ́ńpìlì Sarangapani. Yunifásítì SASTRA ló rà á lọ́dún 2003. Ẹ ó bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Fèrèsé yàrá iwájú kọjú sí títì, bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ kan wà nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí pẹ́ jù. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni bàbá rẹ̀, kò sówó pépà, síléètì lọmọ náà fi ń ṣírò, ìgbọ̀nwọ́ ló sì fi ń nù ún. Itọ́ làwa fi ń nu tiwa. Tíṣà nà wá títí.

Kò gboyè kankan ní Íńdíà. 30 rúpì lóṣù ni wọ́n gbà á síṣẹ́ akọ̀wé sí ní èbúté Madras, tó ń jẹ́ Chennai báyìí, ibẹ̀ ló wà tó fi kọ lẹ́tà sí Hardy, onímọ̀ ìṣirò ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1913. Ọdún kejì ó wọkọ̀ òkun lọ bá a. Ní 1918, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, gbà á sáàárín wọn. Ní 1920, ó kú, ẹni ọdún 32. Ọ̀rọ̀ takisí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1729 lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀: Ramanujan ní òun ni nọ́ńbà tó kéré jù tó jẹ́ àròpọ̀ kúùbù méjì lọ́nà méjì. Mo tún un ṣe sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì mi: 1728 (12 × 12 × 12) àti 1, 1000 (10 × 10 × 10) àti 729 (9 × 9 × 9). Ó pé, bí ẹni pé n kò tíì kọ ọ́ sójú pátákó nígbà igba.

Ẹ mu kọfí ìlú náà kí ẹ tó kúrò, ife idẹ ni wọ́n ń dà á sí, fofó á hó lórí rẹ̀. Máàkì kan tí mo yọ, tíṣà ni mí, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo rẹ̀.

Mo padà dé, ìyá mi ní, "Ilé òkú lo torí ẹ̀ fòru rìn? Ọmọ mélòó ló bí?"

"Kò bímọ, Mọ̀ọ́mi."

"Ta ló wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?"

Mo bá ń kà á fún wọn: àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní práìmù Ramanujan, ẹ̀bùn 10,000 dọ́là tí SASTRA ń fún àwọn tí kò ju ọdún 32 lọ, ẹ̀bùn Ramanujan mìíràn tí Philibert Nang, ará Gabon, gbà ní 2011, C. P. Ramanujam, onímọ̀ nọ́ńbà bíi tiẹ̀, tóun náà kú ní 36. Mo ní ìtumọ̀ orúkọ náà ni àbúrò Rama.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ńkọ́, níbo nilé tiẹ̀ wà?"

Mo ní òrìṣà wọn ni. Wọ́n ní kí n gbé oògùn ojú wá.