Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Markowa: ẹ má sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì

Ará Àjàṣẹ́ tàbí Kétu tó bá ń lọ ṣe ìrìn-àjò mímọ́ ní Pólándì, kó ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Markowa. Abúlé àgbẹ̀ ni, níbi tí ìdílé Ulma ti fi àwọn Júù pamọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn Jámánì sì tìtorí ẹ̀ pa wọ́n. Láti Kraków, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Rzeszów kọjá, ẹ sọ̀ ní Łańcut, kí ẹ wá gba tasí. Kìlómítà bíi 8 ló kù. Yúrò ni kí ẹ mú dání, torí złoty ni wọ́n ń ná, àwọn tó ń pààrọ̀ owó níbẹ̀ kò sì mọ sẹ́fà.

2016 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Kò tóbi, ìyẹn sì wù mí. Ibi fọ́tò ni kí ẹ ti pẹ́. Józef Ulma, àgbẹ̀ tó ń gbin igi eléso tó sì ń sin oyin, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya wọ́n: Wiktoria ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ, àwọn aládùúgbò. Fọ́tò kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ta sí. Ní Kétu, ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣì dúró, àmọ́ a ò mọ ojú àwọn tí ogun Dàhòmì kó lọ ní 1886. Ní Markowa, ẹ ó rí ojú.

Ní ìdájí 24 oṣù Kẹta 1944, àwọn ọlọ́pàá Jámánì tí Eilert Dieken kó sòdí ya bo ilé àwọn Ulma. Wọ́n kọ́kọ́ pa àwọn Júù 8 tí ìdílé náà fi pamọ́ sórí àjà, wọ́n pa Józef àti Wiktoria tó lóyún, wọ́n sì pa ọmọ wọn 6. Stanisława tó dàgbà jù kò tíì pé ọmọ ọdún 8.

Àwọn ìjọ Àgùdà sábà máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Dorota Mímọ́, níbi tí òkú àwọn Ulma wà, torí pé wọ́n di alábùkúnfún ní 10 oṣù Kẹsàn-án 2023. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Àwọn Júù 8 náà, Saul Goldman àti ọmọkùnrin rẹ̀ 4, Gołda Grünfeld, Lea Didner àti ọmọbìnrin rẹ̀ kò sí níbẹ̀; itẹ́ òkú Jagiełła ni wọ́n kó wọn lọ ní 1947. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè délé láìgbọ́ orúkọ wọn.

Oṣù Keje ló dára jù: 7 oṣù náà ni àjọ̀dún àwọn Ulma, ọjọ́ ń gùn, ara sì máa ń gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kẹta, kó mú ẹ̀wù òtútù tó nípọn.