Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọjọ́ Méjì Lórí Títi Àgọ́ Ogúnléndé Pa, ní Òṣogbo

Mo san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí iléeṣẹ́ aládàáni kan ṣe ní Òkè-Fíà, lórí bí a ṣe ń dá àwọn ogúnléndé padà sílé tí a sì ń ti àgọ́ wọn pa, owó mi kò sì ṣòfò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló dùn jù. Olùkọ́ wa tẹ́ fọ́ọ̀mù ìpadàsílé àtinúwá sórí tábìlì, ó sì ní kí a kà á sókè ní Yorùbá, bí ẹni ń kà á fún ìyá àgbà tí kò mọ̀wé, kí ìyá náà tó tẹ̀ka. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹni tí wọ́n ti dín oúnjẹ rẹ̀ kù kó tó tẹ̀ka kò fi tinútinú padà. Ó tún ṣàlàyé pé ní 2013 ni Kẹ́ńyà, Sòmálíà àti UNHCR (àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé) tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí dídá àwọn ogúnléndé Sòmálíà padà sílé, pé ní 2016 ìjọba Kẹ́ńyà kéde pé òun máa ti àgọ́ Dadaab, níbi tí àwọn ogúnléndé Sòmálíà ń gbé ní Kẹ́ńyà, pa, àmọ́ ilé-ẹjọ́ gíga wọn fagi lé e ní Oṣù Kejì 2017.

Ohun tó dùn mí ni pé ní ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi kan àwọn àgọ́ Maiduguri tí ìjọba Borno tì ní 2021, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé wa nìyẹn: ṣé kànga, iléèwòsàn, àti oko tí èèyàn lè dé láìfòyà wà níbi tí wọ́n ń dá wọn padà sí? Tí wọ́n bá tún un ṣe, màá tún lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi odidi ọ̀sán kan sílẹ̀ fún Borno.