Jẹ́bà létí Odò Ọya: ohun tó yẹ kí ẹ lọ wò, àti ohun tí ẹ ò ní bá níbẹ̀

Ojú fèrèsé mọ́tò lọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ Jẹ́bà. Ìlú náà tó odindi ọjọ́ kan wò, àmọ́ kò tó méjì. Ẹni tó bá ń lọ tìtorí àtiwọ ọkọ̀ ojú irin ló máa já kulẹ̀. Rélùwéè tóóró àtijọ́ ló ṣì gba ibẹ̀ kọjá. Tuntun tó fẹ̀, Ìbàdàn ló dé tó dúró. Ẹ má fi ọkọ̀ èrò dá ọjọ́. Mọ́tò ni kí ẹ wọ̀ láti Ìlọrin, ẹ gba Bódè Sáàdù, nǹkan bí 100 kìlómítà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni kí ẹ gbéra, torí tírélà kún ọ̀nà náà, bí ọ̀kan bá sì ṣubú dí i, ọ̀sán á pọ́n kí ẹ tó dé.

Odò ló sọ Jẹ́bà di ìlú rélùwéè. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, Odò Ọya wá dínà fún un. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá títí afárá fi parí ní 1916. Àwa tá à ń pe Àríwá ní Òkè Ọya, odò yìí là ń tọ́ka sí, ibí yìí sì lojú irin ti sọdá sí i. Afárá náà gba orí erékùṣù tó wà láàrin odò kó tó bọ́ sí òdìkejì, ní Ìpínlẹ̀ Niger.

Etí odò ni kí ẹ ti wo afárá, ẹ má gùn ún. Ọkọ̀ ẹrù ṣì lè yọ nígbàkigbà. Ìhà gúúsù sí àríwá ló na sí, nítorí náà oòrùn àárọ̀ ni yóò fi ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn rẹ̀ hàn dáadáa. Irin ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n jó pọ̀ bí àwọn wẹ́dà ti ń ṣe lónìí. Ìṣó olórí róbótó ni, tí wọ́n fi iná sọ di pípọ́n kí wọ́n tó lù ú wọlé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó yọ kámẹ́rà, torí ojú kan náà kọ́ ni gbogbo wọn fi ń wo ẹni tó ń ya afárá.

Níbi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá, ẹ fi téépù wọn àárín irin méjèèjì láti inú: mìlímítà 1,067. Ti rélùwéè tuntun tó dé Ìbàdàn jẹ́ 1,435, ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tuntun kò fi lè gorí rẹ̀. Ẹ wo àlàfo kékeré níbi tí orí irin ti pàdé: irin mítà 12 máa ń fi mìlímítà bíi mẹ́rin gùn sí i bí ooru bá fi dígíírì 30 lé. Bí kò bá sí àyè yẹn, ojú irin á wọ́.

Ohun tó ń já àlejò kulẹ̀ jù ni ère idẹ ilẹ̀ Tápà, tí wọ́n ń pè ní ère Tsoede, orúkọ ẹni tí wọ́n gbà pé ó dá ìjọba Tápà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Tafàtafà Jẹ́bà, ti wà ní mùsíọ́mù Oníkan l'Ékòó. Ibẹ̀ náà ni ère Tádà, abúlé Tápà kan létí Odò Ọya, wà, ọkùnrin tó jókòó, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì, tí kò ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà 53. Nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ará Tádà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sódò, wọ́n á fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ara rẹ̀ sì ti dán kọjá bẹ́ẹ̀. Torí náà, Oníkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wá wo odò tí wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Òkúta Ketsa, tó yọ sókè láàrin omi, ojúbọ Tápà ni. Ẹ rí baálé ibẹ̀ kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ní tòsí Jẹ́bà ni ọkọ̀ ojú omi Dayspring ti fọ́ ní Oṣù Kẹwàá 1857, nínú ìrìn àjò tí Àjàyí Crowther àti Glover bá lọ, Glover tó padà di gómìnà Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo Ketsa, ẹ má gbà kí wọ́n gbé yín láìsí jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Dáàmù ìmọ̀nàmọ́ná tí wọ́n ṣí ní 1985 wà létòsí. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀, odò lè kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀.

Ọwọ̀n ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó rin ìrìn àjò lórí Odò Ọya, kò gba àkókò. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kú sí Jẹ́bà: Park kú ní Bùsà ní 1806, Lander kú sí erékùṣù Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, ní 1834.

Oṣù Kọkànlá ló dára jù. Òjò ti dá, ọyẹ́ kò sì tíì fi kùrukùru bo Ketsa. Ẹ má gbé ìrètí sórí ibùsùn ní ìlú náà; ẹ padà sùn ní Ìlọrin, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì bá yín nínú mọ́tò, torí ọ̀nà yẹn kò ṣe é rìn lálẹ́.